Ìsọmọlórúkọ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọjà Fìdítì

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ gbé àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bú mi lẹ́yìn. Àmọ́ bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ délẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń rùn nínú ìtàn yìí, ìgbéraga ni.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Ìyìn. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ayé ò sì jẹ́ kí orúkọ náà ṣófo, nítorí ìyìn ló ń jẹ láàárọ̀, òun ló ń jẹ lọ́sàn-án, òun náà ló sì fi ń sùn lálẹ́. Ọmọ Ìlọrá ni, ó ga, ó sanra, agbádá rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé bó bá ń kọjá lójú títì, àwọn adìẹ á rò pé òjò ló ṣú. Òun ni Adelé Alága Àjọ Ìmọ́tótó Ọjà àti Ibùdókọ̀. "Adelé" ni ìjọba kọ sínú ìwé tí wọ́n fi yàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe "Adelé" létí Olóyè Ìyìn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ojúrere. Ohun tí ọkùnrin náà ń wá láyé kò ju ẹyọ kan lọ: kí Kọmíṣọ́nnà gbéra láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, kó yọ "Adelé" náà kúrò níwájú orúkọ rẹ̀.

Ìjọba ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Wọ́n kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀gbin níbẹ̀. Àwọn tó kù wo páìpù, wọ́n wo ẹ̀rọ omi, wọ́n béèrè ibi tí ẹ̀gbin ń gbà lọ. Olóyè Ìyìn ò wo páìpù kankan. Wọ́n mú wọn wọ ilé olódi kan tí àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ gbé, ni obìnrin tó ń mú àlejò yí ilé ká bá nàka sí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní gáàdìróòbù ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ti ń gbọnsẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kó aṣọ olówó gọbọi kọ́ sí, kí òórùn lè lé kòkòrò tó ń jẹ aṣọ jìnnà. Inú orúkọ aṣọ ni wọ́n sì ti fa orúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yọ.

Omi lé ròrò sí Olóyè Ìyìn lójú. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ohunkóhun mọ́ ju orúkọ tí àwọn Òyìnbó àtijọ́ ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí orúkọ ọ̀hún ti wá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra bàtà àti fóònù, òun ń kó orúkọ sínú orí, ó sì kó wọn délé láì san owó ẹrù.

Bó ṣe dé, kò sí ìpàdé tí kò fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣí. Bí wọ́n bá pè é kó wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọn, á sọ ti ẹ̀fọn ní gbólóhùn kan, á sì fi ìyókù ọjọ́ náà sọ ti orúkọ.

"Ẹ̀yin olùfẹ́ ìmọ́tótó!" Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, á ti kó apá agbádá lé èjìká. "Òyìnbó ayé àtijọ́ kì í dédé pe nǹkan lórúkọ! Àwọn kan ń pè é ní pírífì, ìyẹn ibi ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀gì, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì bí àbàtà. Àwọn mìíràn, ẹ gbọ́ ọgbọ́n, ẹ gbọ́ ọ̀wọ̀, wọ́n ń pè é ní Ilé Kòṣeémáàní! Lúù ń kọ́? Há! Ìjà ńlá wà lórí lúù. Àwọn kan ní nígbà tí wọ́n ń da póò láti ojú fèrèsé òkè sí ìgboro, wọn a ké lédè Faransé pé kí ará ìsàlẹ̀ ṣọ́ra fómi, pé inú ọ̀rọ̀ omi yẹn ni lúù ti jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní irọ́ ni. Èmi fúnra mi ò tí ì dá ẹjọ́ náà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tí ì dá a," ni Nathaniel máa ń ké láti ẹ̀yìn. "Ayé ò tí ì múra tán láti gbọ́ ọ!"

Nathaniel ni akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Awẹ́ ni, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ sì ni kó tó rí i pé ìyìn lérè ju ẹ̀kọ́ lọ. Bí Olóyè bá sín, á ní irú ẹ̀ ò tí ì sí. Bí Olóyè bá gbàgbé ọ̀rọ̀, á ní ìgbàgbé ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ má bínú sí Nathaniel o. Ó ní ọmọ nílé ìwé, iṣẹ́ sì ń wọ́n níta.

Nínú gbogbo orúkọ náà, Jọ́ọ̀nù ló ń dun Olóyè Ìyìn jù. Wọ́n sọ fún un pé àwọn Òyìnbó kan ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Jọ́ọ̀nù, pé wọ́n ní láti ara jéèkì, orúkọ àtijọ́ mìíràn, ló ti yí wá, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Jọ́ọ̀nù báyìí ni, ọmọ lágbájá.

"Nathaniel," ó ní lọ́jọ́ kan nínú ọ́fíìsì, "ọkùnrin kan ti kú, wọn ò mọ ojú ẹ̀, wọn ò mọ ilé ẹ̀, síbẹ̀ ẹnu aráyé ò kúrò lára orúkọ ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Irú ọlá wo nìyẹn!"

"Ọlá tó yẹ yín ni, sà," Nathaniel fèsì, láì ronú. Àìronú yẹn ló da gbogbo nǹkan sílẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà, ìjọba kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun sí Fìdítì, létí títì, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń ta èso. Ẹ̀yin tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn mọ ibẹ̀: ọsàn tí wọ́n tò jọ bí òkìtì, ọ̀pẹ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò pẹ̀lú abọ́ lórí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ò ní ibi tí wọ́n lè gbọnsẹ̀ sí. Òdìkejì títì ni igbó wà, tírélà sì ń sáré lórí títì náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nítorí náà nígbà tí Sìrájù bíríkìlà kó ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì tó kẹ́yìn kúrò nílẹ̀, àwọn obìnrin jó. Àwẹ̀ní, ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí wọn, ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Olóyè Ìyìn dé, ó yí ilé náà ká, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sìrájù.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ó béèrè.

Wọ́n wo ojú ara wọn. Sìrájù ní, "Ṣalángá ni, sà. Ṣalángá ìgbàlódé."

Olóyè Ìyìn pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ṣalángá! Lójú mi! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn Fìdítì. Ọmọ tuntun jòjòló nilé yìí. Ọmọ tí a kò tí ì sọ lórúkọ, ṣé ẹ máa ń gbé e jáde sójú ayé? Ẹ máa ń gbé e lé àlejò lọ́wọ́?"

"Rárá o," ni àwọn àgbà dá a lóhùn, nítorí òtítọ́ ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Títí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò agbádá, ó lọ. Àwẹ̀ní tú gèlè rẹ̀, ó sì kọjá sí òdìkejì títì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan ni. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ, ọsàn so, wọ́n ká a tán, ilẹ̀kùn ò ṣí. Olóyè gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wá orúkọ, ìgbìmọ̀ náà sì bí ìgbìmọ̀ kékeré. Ó fi òfin de ọ̀rọ̀ ṣalángá nínú ọ́fíìsì: ẹni tó bá là á lẹ́nu yóò dìde dúró, yóò sì ka gbogbo orúkọ àtijọ́ náà látòkè délẹ̀. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kà á débi pé ó ń kà á lójú oorun. Níkẹyìn, Olóyè fúnra rẹ̀ mú orúkọ kan jáde, Nathaniel sì pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. GÁÀDÌRÓÒBÙ ÌYÌN ni orúkọ náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta mábù ńlá kan tí ọkùnrin alágbára mẹ́rin ò lè gbé láì sinmi. Owó tó yẹ kó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi sókè sínú ilé náà ni òkúta náà jẹ.

"Omi ń kọ́, sà?" Sìrájù béèrè.

"Omi máa ń gbẹ, Sìrájù. Orúkọ kì í gbẹ."

Láìpẹ́, nǹkan ṣẹlẹ̀. Àlàkẹ́, ìyàwó ọmọ Àwẹ̀ní, tó wà nínú oyún, ń kọjá sí òdìkejì títì láti lọ gbọnsẹ̀. Tírélà kan yọ láti ìsàlẹ̀, kò sì tẹ ìjánu. Àlàkẹ́ fò sínú gọ́tà. Ọlọ́run yọ ọ́, oyún ò sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kan kù lójú títì, tírélà náà sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Àwẹ̀ní mú bàtà náà, ó wọ mọ́tò, ó di ọ́fíìsì àjọ ní Ìlọrá.

"Olóyè," ó ní, ó gbé bàtà náà sórí tábìlì, "ẹ wo ohun tó kù díẹ̀ kó jẹ́ Àlàkẹ́. Mo bẹ̀ yín, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa. Àwọn ọmọ yìí máa kú."

Olóyè Ìyìn wo bàtà náà. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn: nǹkan kan gún un láyà. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú yàrá náà ni, bóyá ì bá ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ṣùgbọ́n Nathaniel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Nathaniel sì mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bí ojú àánú yín ṣe pọ̀ tó, sà!" Ìyìn yẹn dùn, àánú sì gbàgbé ibi tó ń lọ.

"Màmá," Olóyè ní, "ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́ ní ìlú Òyìnbó, aṣọ ni wọ́n ń kọ́ sínú gáàdìróòbù?"

"N ò mọ̀, Olóyè. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ẹ kọ́ ọ. Ẹ sáà jẹ́ ká wọlé."

"Ẹ ó wọlé! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Kọmíṣọ́nnà máa wá láti Ìbàdàn fún ìsọmọlórúkọ. Oyin á wà, iyọ̀ á wà, obì, orógbó, ataare, kò sí èyí tó máa wọ́n. Gbogbo àgbà ìlú máa fún ọmọ lórúkọ kọ̀ọ̀kan kí n tó pe orúkọ gan-an."

Àwẹ̀ní wò ó títí. "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, Olóyè."

"Ẹ ṣeun, Màmá! Ilé náà ni mo wò!" Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n yìn ín. "Ẹ̀yin gan-an lẹ máa gbé ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹ̀yin lẹ dàgbà jù lọ́jà. Aṣọ funfun la máa fi wé e."

"Èwo lọmọ, Olóyè? Ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, Màmá. Kọ́kọ́rọ́ lọmọ."

Àwẹ̀ní na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó mú bàtà Àlàkẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jáde. Nígbà tó wọ mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, awakọ̀ sì bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Nígbà tó délé, ó pe àwọn obìnrin rẹ̀ jọ.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ọkùnrin yẹn kì í dìde níbi tí wọ́n bá ti ń yìn ín, kì í sì í kọ ohun tí ẹni tó ń yìn ín bá fún un. Ní ọjọ́ náà, ẹ máa yìn ín, ẹ sì máa bó ọsàn."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, wọ́n gbé òkúta mábù dúró síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó lójú. Olóyè Ìyìn ti dé láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú agbádá funfun tí kò tí ì fara kan omi rí. Kó tó jókòó, ó ní òun fẹ́ bẹ ìsọ̀ àwọn ìyá òun wò.

"Olóyè wa! Ọmọ Ìlọrá! Ọ̀gá ìmọ́tótó! Ẹ fi ọsàn yìí tẹ́nu."

Ó fi tẹ́nu. Ó dùn.

"Ẹni tó lọ ìlú Òyìnbó tí Òyìnbó ò fẹ́ kó padà! Ẹ gba ìbẹ́pẹ yìí lọ́wọ́ mi, Olóyè. Bẹ́ẹ bá kọ̀ ọ́, inú mi á bàjẹ́."

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ha lè ba inú ìyá jẹ́? Ó gbà á. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́ rí ni wọ́n ń fún un, bí ìyìn sì ṣe ń gùn ni ọ̀pẹ òyìnbó ń gùn. Nígbà tó fi dé ìsọ̀ Àlàkẹ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Àlàkẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ó sọ ọmọ mi lórúkọ, Olóyè," ó sì gbé odindi bàrà kan tí wọ́n ti gé síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ títí dórí èèpo. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n èyí ò rántí òwe lọ́jọ́ náà.

Kọmíṣọ́nnà dé nígbà tí oòrùn ti mú. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò ráyè yà síbì kankan láti Ìbàdàn, bó sì ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló bi Nathaniel ní ohùn kékeré bóyá ibì kan wà tí òun lè ti tura díẹ̀.

"Ó wà, sà!" Nathaniel dáhùn, ó nàka sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. "Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán báyìí ni."

Kọmíṣọ́nnà jókòó, ó kó ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Alfa gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí àdúrà ti ẹnì kejì gùn ju tòun lọ. Àwẹ̀ní jáde wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n wé sínú aṣọ funfun, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń rọ̀ ọ́ bí ọmọ. Wọ́n gbé oyin, iyọ̀, omi àti ìyókù rẹ̀ wá. Olóyè Ìyìn ni bàbá ọmọ, òun ló tọ́ gbogbo wọn wò ṣáájú. Oyin wọlé lọ bá ọsàn, ataare lọ bá ìbẹ́pẹ. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin olùfẹ́ ìmọ́tótó! Òyìnbó ayé àtijọ́ kì í dédé pe nǹkan lórúkọ! Àwọn kan ń pè é ní pírífì..."

Nǹkan kan han nínú ikùn rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ó rò pé ẹ̀rọ ni. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó dé bọ́ọ̀gì, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá fo Ilé Kòṣeémáàní, bí òun bá sì yára gba ẹ̀gbẹ́ lúù kọjá, òun lè dé òpin kí ohun tó ń bọ̀ tó dé. Ó ṣí ojú ìwé méjì papọ̀ nínú ìwé ọ̀rọ̀ tó dì mú.

"Sà," Nathaniel sọ̀rọ̀ sókè láti ẹ̀yìn, ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń dán lójú rẹ̀, "ẹ ti fo Ilé Kòṣeémáàní! Ibẹ̀ ló dùn jù!"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. "Ẹ ka Ilé Kòṣeémáàní fún wa o, Olóyè!"

Ó kà á. Àwọn Òyìnbó àtijọ́ tó fún ilé náà ní orúkọ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ, Olóyè Ìyìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé lúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó dé Jọ́ọ̀nù, ó ti ń rìn yípo níbi tó dúró sí, agbádá ń fẹ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Kọmíṣọ́nnà náà ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó kó léra, ó tún ti pààrọ̀ rẹ̀ padà.

"Ní kúkúrú," Olóyè Ìyìn ní, "mo fẹ́... Màmá, ẹ gbé ọmọ wá."

"Àwọn àgbà ò tí ì fún un lórúkọ, Olóyè," Àwẹ̀ní dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yin lẹ fi í sínú ètò. Ọmọ yín kì í ṣe ọmọ àlè tí a ó fi kánjú sọ lórúkọ."

Àgbà kan ti dìde, ó di ọ̀pá mú, ó ń wú ikọ́. "Ní tèmi o," ó bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí bàbá mi dé Fìdítì..."

"Ẹ jókòó, Bàbá!" Olóyè Ìyìn ké. Ó sún mọ́ Àwẹ̀ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ di ti ọmọ ilé ìwé. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ọmọ tí a kò tí ì sọ lórúkọ, a kì í gbé e léni lọ́wọ́. Ẹnu yín la ti gbọ́ ọ. Ẹ sáà pe orúkọ rẹ̀, Olóyè. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Gbogbo ọjà na ọrùn. Kọmíṣọ́nnà fara síwájú, ó ń wò ó bí ẹni tí ẹ̀mí tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Olóyè. Ó ku kí Olóyè Ìyìn la ẹnu, kó sọ orúkọ tó wà lára òkúta, kí gbogbo rẹ̀ parí.

"Gáà..." ó ní, ó sì tún ẹnu pa dé kíá, nítorí bó ṣe ṣí òkè ni ìsàlẹ̀ náà fẹ́ ṣí. "Gáà... Gáàdì..." Ó di ọwọ́ mọ́ ikùn. Orúkọ náà gùn ju àkókò tó kù fún un lọ. Gbogbo èdè tó kó wá láti òkè òkun fò lọ, èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju èyí tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń rìn ní ìhòòhò ní Ìlọrá. Ó ké e sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn débi pé àwọn tó wà nínú mọ́tò gbọ́ ọ:

"Ṣalángá! Ẹ ṣí ṣalángá fún mi! Ṣalángá, mo bẹ̀ yín!"

"Ṣalángá!" àwọn obìnrin dá a lóhùn pẹ̀lú ariwo. "Yóò jẹ́ orúkọ! Yóò dàgbà! Yóò tọ́jú ìyá, yóò tọ́jú bàbá!"

"Àmín!" ni Alfa àti pásítọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwẹ̀ní tú aṣọ funfun, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ilẹ̀kùn ṣí. Olóyè Ìyìn wọlé bí ìjì, agbádá rẹ̀ há sẹ́nu ọ̀nà, ó fà á, ó ya, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún ayé. Ó dé ibẹ̀ lásìkò, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Ohùn tó ti inú ilé náà jáde, ẹ má jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, mo ti kìlọ̀ fún yín nípa oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn kékeré kan jáde. "Omi."

Wọ́n gbọ́ tó ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi lásán.

"Ẹ jọ̀ọ́... omi ò sí níbí o."

Kọmíṣọ́nnà dìde dúró tìṣọ́ra tìṣọ́ra. "Ẹ̀rọ omi tí a fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ dà?"

Sìrájù lọ ṣí aṣọ kúrò lójú òkúta mábù. "Òun nìyí, sà."

Kọmíṣọ́nnà ka òkúta náà. Ó tún un kà. Ì bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò láyè ọ̀rọ̀, torí òun náà ń jó díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ló bo àṣírí wọn: wọ́n gbé garawa omi tí wọ́n fi ń fọ ọsàn, láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n gbé e wọlé fún Olóyè, wọ́n sì gbé òmíràn sílẹ̀ fún Kọmíṣọ́nnà. Bí ọ̀kan ṣe ń jáde tó fi ìdajì agbádá bojú, èkejì ti sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì kí i.

Nígbà tí Kọmíṣọ́nnà máa fi padà jáde, ojú rẹ̀ ti tutù. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Láti òní lọ," ó ní, "mo pàṣẹ pé kí wọ́n yọ 'Adelé' kúrò níwájú orúkọ Olóyè Ìyìn."

Nathaniel fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Olóyè Ìyìn gbé orí sókè láti inú agbádá tó ya, kò gbà á gbọ́.

"Kí wọ́n sì yọ 'Alága' náà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ gbogbo rẹ̀, ó wá ku Ìyìn lásán. Kọmíṣọ́nnà fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Àwẹ̀ní, ó sì fi ẹ̀rọ omi ránṣẹ́ kí ọsàn mìíràn tó pọ́n. Àlàkẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ní àlàáfíà, kò sì sọdá títì mọ́ nítorí ìgbọ̀nsẹ̀. Nathaniel ń yin alága tuntun báyìí, wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tún ti pọ́n.

Òkúta mábù náà ò ṣeé sọnù, ó wúwo jù. Sìrájù tẹ́ ẹ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sókè, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbé dúrọ́ọ̀mù omi ìfọwọ́ lé e lórí. Dúrọ́ọ̀mù náà bo GÁÀDÌRÓÒBÙ mọ́lẹ̀ pátápátá. ÌYÌN nìkan ló yọ síta, níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó bá tò sí ìlà. Ọmọ Yorùbá kì í sì í la ṣalángá lẹ́nu níwájú àna tàbí níwájú oúnjẹ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń yí i sọ. Kò pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ kí obìnrin kan ní, "Ẹ bá mi wo ọsàn mi, mo fẹ́ lọ kí Ìyìn." Láti Fìdítì ló ti dé Awẹ́, àwọn awakọ̀ sì ti gbé e dé Ìbàdàn.

Ọkùnrin kan wọ mọ́tò lọ́jọ́ kan láti Ìlọrá, ó wọ bùbá lásán, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé Fìdítì, awakọ̀ dúró. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Ìyìn kó sọ̀ kalẹ̀ o!" Àwọn èrò ń bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó síwájú ní, "Ta ni Ìyìn yìí gan-an?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" awakọ̀ dáhùn. "Orúkọ àtijọ́ ni."

Ọkùnrin ẹ̀yìn mọ́tò la ẹnu. Nínú gbogbo orúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà láyé, èyí nìkan ni kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè bá a jiyàn ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ tò sẹ́yìn ìlà.